Àpò Ẹ̀wà Tí Mo Dá Padà

Òórùn ata gbígbẹ ló kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì mi ní Kétu láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí Àlàájà tó tẹ̀ lé e wọlé. Alábàárù kan sọ odindi àpò ẹ̀wà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó mí kanlẹ̀, ó sì jáde. Àlàájà jókòó láìdúró kí n fi àga lọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ oníbàárà mi ló gbé àwọn wá láti Mile 12, ọkùnrin tó ń rán ẹnu àpò lọ́jà, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fi abẹ́rẹ́ àpò gún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan pa ní Ifákọ̀. Ìwọ náà tí o jẹ́ lọ́yà bíi tèmi ti ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. O mọ̀ pé bí a bá pàdánù rẹ̀, ikú ni wọn yóò dá fún un.

"Òun ló rán àpò yìí," ni Àlàájà wí. "Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní ó pààyàn, ẹrù mi ló ń rán láti ìdájí títí di ọ̀sán. Wo déètì, ọmọ mi."

Déètì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àpò tó bá ya lójú ọ̀nà, tí ọkọ̀ bá ti dé, wọ́n á tún ẹnu rẹ̀ rán, wọ́n á kọ àmì ẹni tó ni ẹrù àti ọjọ́ sára páálí kékeré, wọ́n á sì rán an mọ́ ọn. Àlàájà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú un ni àwọn ti ya àpò kan sọ́tọ̀, tí àwọn sì to ata gbígbẹ yí i ká nítorí kòkòrò.

Ọdún méjì gbáko! Oníṣòwò wo ló ń tọ́jú àpò ẹ̀wà fún ọdún méjì nítorí aránpò? Mo wò wọ́n títí. Mo ní lọ́kàn mi pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹbí ọkùnrin náà ló rán wọn wá, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ déètì sára páálí. Iṣẹ́ yìí ti sọ mí di ẹni tí kì í gba ẹ̀rín ẹnikẹ́ni gbọ́, ọgbọ́n ni mo sì ń pè é. Mo pinnu láti dán oníbàárà mi wò, bóyá yóò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Mo ya fọ́tò rírán náà, mo sì fi àtàńpàkò mi bo páálí, kó má baà rí déètì kó fi mọ ohun tí mò ń wá. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo pa á pọ̀ mọ́ fọ́tò àpò méjì mìíràn, mo kó wọn lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n.

Ó wò wọ́n pẹ́. Ó wo ojú mi. "Ìkankan nínú wọn kì í ṣe tèmi, ma."

Mo ti rí ohun tí mò ń wá nìyẹn. Mo ní kí Àlàájà wá gbé ẹrù wọn, pé kò wúlò ní kóòtù. Wọ́n kàn wò mí bí ẹni ń wo kóńgò ìyànjẹ tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, báàgì tí mo ń gbé gáùn mi sí ya nígbà tí mo tún lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́dà kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí oníbàárà mi bá mi rán an ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wọn. Nígbà tí oníbàárà mi gbé e dé, mo yẹ rírán rẹ̀ wò. Ó yí òwú padà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi kókó rẹ̀ pamọ́ sínú ìṣẹ́po, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lẹ́nu àpò Àlàájà.

"Kí ló dé tó o fi ní kì í ṣe tìẹ?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Aunty Lọ́yà. Abẹ́rẹ́ àpò ni wọ́n ní mo fi pa á. Mo rò pé ẹ fẹ́ fi rírán yẹn mú mi ni. Ọlọ́pàá tó ní kí n tẹ̀ka sábẹ́ ìwé tí mi ò lè kà, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rọra ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́."

Láti ibẹ̀, Mile 12 ni mo gbà lọ tààrà láti béèrè àpò náà. Àlàájà ń bu ẹ̀wà fún oníbàárà wọn kan, wọ́n parí rẹ̀ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Mo ti tú u, ọmọ mi. O ní kò wúlò. Mo sè é, mo fi ṣe sàráà fún aránpò mi. Mo ní bí kóòtù ò bá gbọ́, bóyá Ọlọ́run á gbọ́."

"Páálí ńkọ́, Àlàájà?"

"Mo fi dáná."

Àlàájà wá jẹ́rìí ní kóòtù, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Èmi náà gbé fọ́tò mi sílẹ̀. Lọ́yà ìjọba gbé e sókè, ó béèrè ibi tí déètì wà. Gbogbo kóòtù rí i: àtàńpàkò mi ló wà níbẹ̀, èékánná rẹ̀ ń dán. Adájọ́ ní òun kò lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu lé orí ìwé tí ọkùnrin náà ti tẹ̀ka sí. Ó dájọ́ ikú fún un.

A ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, a ṣì ń dúró. Nígbà tí mo lọ rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè bóyá báàgì mi ò tíì tún ya. Mo ní kò tíì ya. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé báàgì náà sókè kó rí i. Àtàńpàkò méjì ló wà nínú fáìlì yẹn: tirẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sọ, àti tèmi, tó bo ọ̀rọ̀ tí ì bá gbà á là.