Ẹ-Jẹ́-N-Dán-an-Wò àti Aṣọ Ilé Gíga

Ọjọ́ tí aṣojú onílé kó pátákó dídán wá láti fi wọ ilé láṣọ ni òkìkí Ẹ-jẹ́-n-dán-an-wò kàn ká gbogbo àdúgbò. Ilé alájà méjìlá ni ilé náà, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí bí èèpo igi gbígbẹ. Inú àwọn ayálégbé ń dùn. Aṣojú gbé pátákó kan sókè: irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú méjèèjì, ohun kan bíi rọ́bà láàárín. Ó ní tí wọ́n bá ti fi bo ara ilé lóde, òjò ò ní wọlé mọ́, ooru náà á sì dẹwọ́.

"Ẹ jẹ́ n dán an wò," ni onígbàjámọ̀ tó ń gbé àjà kẹsàn-án wí.

Aṣojú rò pé ọwọ́ lásán ni bàbá fẹ́ fi kàn án. Ó gé etí kan fún un. Kó tó ṣẹ́jú, bàbá ti ṣáná sí i. Ohun tó wà láàárín gbiná, ó ń yọ́, ó ń kán tó, tó, tó. Èéfín dúdú bo gbogbo wọn, ẹ̀kán kan sì balẹ̀ sórí bàtà aṣojú.

"Bàbá! Bàtà mi!"

"Má bínú, ọmọ mi. Ìwọ ṣáà lè bọ́ bàtà. Èmi tí mo wà lájà kẹsàn-án, ṣé mo lè bọ́ ilé?"

Wọ́n kó pátákó wọn lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ojú fèrèsé ló wà lókè, ó fi ìborùn bo orí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń jẹ ìtìjú ọkọ yìí. Kò sí nǹkan tó wọ ilé wọn tí bàbá kì í fi iná tọ́ létí kó tó gbà á. Nígbà tí àbúrò ìyàwó ra kọ́tìnnì aláràbarà wá, bàbá dúpẹ́ títí, ó súre, ó wá ṣáná sí i níṣojú ẹni tó rà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bùn mi lẹ ń dáná sun yìí?"

"Ẹ̀bùn rẹ kọ́, àna mi. Etí ẹ̀bùn rẹ ni."

Ìyàwó ṣẹ́ etí tó jóná náà po, ó rán an mọ́nú káwọn àlejò má bàa rí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá, bí abẹ bá ti kan ọrùn oníbàárà, ìwàásù á bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ẹrù dí àtẹ̀gùn. Ẹ yéé fi òkúta há ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kó lè ṣí sílẹ̀, èéfín á gba ibẹ̀ gòkè. "Ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fepo para, kó tún lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àbí irọ́ ni?" Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ta ló máa bá ẹni tó gbé abẹ sí i lọ́rùn jiyàn?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jàre ṣá o. Obìnrin aránṣọ tó bá wọn fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Bàbá gbóòórùn iná lẹ́nu ọ̀nà, ó já wọlé tòun ti garawa omi. Kéèkì, ọmọ, aṣọ tuntun, gbogbo wọn rin gbindin.

"Bàbá! Àbẹ́là ni!"

"Gbogbo iná ló ti kéré rí."

Ó pẹ́ kí aránṣọ tó tún kí wọn.

Ìyàwó nìkan ló mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ni bàbá ní, irú ilé gíga báyìí ló ń gbé, aṣọ dídán báyìí ni wọ́n sì wọ̀ fún un. Iná sọ ní yàrá ìdáná kan nísàlẹ̀, ó gba ara ilé lóde, ó ń gùn bí aláǹgbá, ó sì dé òkè, níbi tí ẹ̀gbọ́n wà, káwọn ará òkè tó rí bàtà wọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá sọ ọ́, kò tún sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín.

Iná tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún kọ́ ló wá pa á. Òtútù àyà ni, lákòókò òjò. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, pẹ̀lú bí èémí ṣe ń ṣòro fún un tó, ó ń fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí, ó ń bi nọ́ọ̀sì pé, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n kì sínú èyí?" Ìyàwó rẹ̀ ló sáré yọ ìṣáná kúrò lápò ẹ̀wù rẹ̀.

Aṣọ dúdú ò tíì kúrò lára opó tí aṣojú onílé fi tún dé. Pátákó kan náà ló kó bọ̀. Bàtà nìkan ló pààrọ̀. Ó ní bí àwọn ayálégbé bá ti lè gbà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Opó gbọ́ ohùn rẹ̀ látòkè. Ó wo fèrèsé tó máa ń jókòó tì, ó rántí iná tó gùn bí aláǹgbá. Ó mú ìṣáná, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ń ro ó, ìtìjú ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Ó bá aṣojú nísàlẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ jẹ́ n dán an wò."

"Háà, Màmá, ẹ̀yin náà?" Aṣojú mi orí. "Bàbá ti lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá wọn lọ."

Opó sún mọ́ pátákó. Ó ṣáná, igi ìṣáná kán. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà kán. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnì kan wá gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Obìnrin aránṣọ ni.

"Ọ̀gá," ló sọ fún aṣojú, "bàbá yìí da omi sí wa lára, mo bínú. Ẹ̀yin wá fẹ́ fi iná wọ̀ wá láṣọ. Omi bàbá tẹ́ mi lọ́rùn." Ó yíjú sí opó. "Màmá, etí wo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Kí iná tó tàn, aṣojú ti bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀rín ta. Aṣojú fúnra rẹ̀ rín díẹ̀. Ó ní òun á lọ bá onílé sọ ọ́, wọ́n sì kó pátákó padà sínú ọkọ̀. Bóyá wọn á tún padà wá, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Opó gòkè padà, ó ń sinmi lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ti gbé òkúta kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn, wọ́n sì ti pa ilẹ̀kùn dé. Ó wọlé, ó jókòó ti fèrèsé, ó wá etí kọ́tìnnì tó rán mọ́nú lọ́jọ́sí. Ó fi eyín já òwú rẹ̀, ó gbé e sí imú. Bóyá òórùn èéfín ló ń gbọ́, bóyá ti ọkọ rẹ̀ ni.

Kò rán an padà mọ́. Ó jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni bá wọlé lè rí i.