Kọ̀ǹpútà Alhaja ní Ìjàgbó

Mo rántí ìgbà tí mo padà wá gbé ní Ọ̀fà, tó jẹ́ pé ohùn ara mi máa ń yà mí lẹ́nu bí mo bá ṣèèṣì sọ̀rọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá mi ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí ìlú tí kálukú ń gbé, wọ́n ní kí èmi máa gbé inú ilé bàbá wa, torí pé n kò níyàwó, iṣẹ́ mi kò sì ní kí n lọ sí ọ́fíìsì kankan. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń wo ọ̀kadà tó ń gbé àwọn ọmọ Pólì kọjá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń ti gbogbo yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ní ilé-ìwòsàn káàkiri ìlú ló gbà mí láti máa bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà wọn láti ilé. Ètò ńlá kan wà tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró, tí gbogbo nǹkan yòókù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà kan ń lo ẹ̀dà rẹ̀ tuntun, àwọn kan ń lo èyí tó ṣáájú, àwọn mìíràn ń lo èyí tó ti gbó. Bí èèyàn bá fi àtúnṣe tó wà fún ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ sí èyí tó ti gbó, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ kó má tàn mọ́. Nítorí náà, mo pín wọn ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ tirẹ̀, kí àtúnṣe tó bá ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mu lè máa lọ bá a. Mo gbà nígbà náà pé èèyàn pàtàkì ni mí. Mo máa ń jókòó sórí àga bí ọ̀gá ológun tó to àwọn sójà rẹ̀ sórí ìlà, èmi tí n kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ilé kejì sí tiwa.

Nínú gbogbo àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pè mí. Alhaja kan ni wọ́n, àgbà obìnrin tó ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀ ní ẹ̀ka Ìjàgbó. Inú ọ̀wọ́ tó gbó jù lọ ni kọ̀ǹpútà wọn wà, ìyà sì máa ń jẹ ẹ́ bí àtúnṣe bá dé.

"Ọmọ mi, nǹkan róbótó ojú ẹ̀ tún ti ń yí o," ni wọ́n máa ń wí. "Láti àárọ̀ ló ti ń yí."

Màá ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n má pa á. Bí a bá ṣe ń dúró dè é, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun, kí ni mo jẹ, ta ló sè é. Bí mo bá dáhùn pé búrẹ́dì ni, wọ́n á pòṣé. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí Alhaja, n kò bá ẹ̀dá alààyè sọ̀rọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, títí ọ̀wọ́ yẹn fi ku ti Alhaja nìkan. Ọ̀gá mi wá ní kí n gbé e bọ́ sórí ẹ̀dà tuntun kí oṣù tó parí, torí pé kò ní rí àtúnṣe gbà mọ́, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì lè gba ibẹ̀ wọlé sídìí ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn. Mo pe Alhaja, mo ṣàlàyé fún wọn.

"Jọ̀ọ́, má ṣe é," ni wọ́n wí. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹnì kan ló fi nǹkan sínú eléyìí fún mi, tó ń sọ lẹ́tà di ńlá. Tí ẹ bá yí i padà, tí mi ò lè ka orúkọ èèyàn mọ́, ilé ni wọ́n máa ní kí n lọ. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nílé? Kò sẹ́ni níbẹ̀."

Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Lóòótọ́, nǹkan yẹn kò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà tuntun. Mo lè jókòó sílé kí n tẹ bọ́tìnnì kan, kó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbó, ibi tí kò jìn rárá, tí n kò sì ronú rí pé mo lè lọ.

Alhaja wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ nìyí? Ohùn ẹ sanra jù ẹ́ lọ."

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí títí di ọ̀sán tí ẹ̀dà tuntun fi wọlé tán. Mo wá inú rẹ̀ títí mo fi rí i pé òun náà ní ohun tó ń sọ lẹ́tà di ńlá nínú ara rẹ̀. Mo ṣí i, mo ṣètò rẹ̀ bí ojú wọn ṣe fẹ́. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n ka orúkọ aláìsàn kan jáde ketekete, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. A jọ jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n gbé wá látilé, ṣíbí kan fún wọn, ìkan fún mi.

Mo padà délé, mo pa ọ̀wọ́ àtijọ́ náà rẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí àtúnṣe mìíràn dé, kíá ló wọlé sórí kọ̀ǹpútà Alhaja. Fóònù mi kò dún. Èyí tó tẹ̀lé e náà wọlé, fóònù kò dún. Mo jókòó síbi fèrèsé, mo ń wò ó. Iṣẹ́ tí mo ṣe tó yọrí sí rere ti gba ohùn kan ṣoṣo tí mo ní lọ́wọ́ mi. Mo tilẹ̀ rò ó wò pé bóyá kí n fi àtúnṣe tí kò bá a mu ránṣẹ́, kí wọ́n lè pè mí bú mi. Ọ̀rọ̀ ara mi pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi ni mo pè wọ́n níkẹyìn.

"Kí ló tún ṣe kọ̀ǹpútà?" ni Alhaja bèèrè.

"Kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló ṣe ìwọ?"

Mo gbọ́ tí aláìsàn kan ń kí wọn, tí wọ́n sì ní kó jókòó ná, àwọn ń bá ọmọ àwọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn pé ilé yìí tóbi jù fún mi, pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi gbogbo yàrá inú rẹ̀ ṣe.

Alhaja ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn ní Àbújá. A ṣì máa ń sọ̀rọ̀, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ni. Èmi ṣì wà ní Ọ̀fà, mo ṣì ń to kọ̀ǹpútà ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. N kò rántí ìdáhùn tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà dáadáa mọ́. Ohun tí mo rántí ni bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ dákẹ́ dè mí, tí èrò ń dúró níwájú wọn, tí wọn kò sì kán mi lójú.