Ògiri Rafiat Kò Tíì Gbẹ

Ariwo ẹ̀rọ náà ni Rafiat máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láràárọ̀. Hùnnn. Ẹ̀rọ funfun kan tó ga dé orúnkún, tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ yàrá ẹ̀yìn. Á yọ ike inú rẹ̀, á gbé e lọ sí síńkì, á da omi nù. Omi ògiri. Tí ike bá kún, ògiri ṣì tutù. Tí ògiri bá ṣì tutù, ọkọ rẹ̀ ò lè padà wálé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjì ló fà á. Nínú oṣù kìíní, atẹ́gùn kan ti ojú òkun wá, ó la Balbriggan, ìlú tí wọ́n ń gbé, kọjá, ó sì ká òrùlé ẹ̀yìn ilé wọn kúrò bí ẹni ká ẹní. Kí wọ́n tó rí ẹni bò ó, àjà yàrá ti wó sórí bẹ́ẹ̀dì, ògiri sì ti mu omi yó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Àmì dúdú tótòtó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mùtàlíbù ọkọ rẹ̀ sì ní ikọ́ fée tipẹ́. Kò pẹ́ tó fi dèrò ọsibítù. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé yẹn mọ́, àfi tí ògiri bá gbẹ dé inú. Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ Mọ́pẹ́ ọmọ wọn ní Clondalkin, lórí àga gígùn nínú pálọ̀. Bí ọmọ-ọmọ bá ti sunkún lóru, òun náà jí nìyẹn.

Obìnrin yìí ti lé ní ogún ọdún ní Ireland. Oyún Mọ́pẹ́ ló gbé dé. Ó gbé ilé àwọn tó ń wá ibi ìsádi, ó dúró de ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó sì ń ṣe é di òní, òru ọjọ́ Sátidé pàápàá. Mùtàlíbù wa takisí títí èémí rẹ̀ fi sọ pé ó tó. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn méjèèjì ò pínyà rí. Ní báyìí, fóònù ni. Ní alaalẹ́, ìbéèrè kan náà.

"Ìyá Mọ́pẹ́, ó ti gbẹ?"

"Kò tíì gbẹ."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló wá kan ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Wọ́n wọ ẹ̀wù pupa rẹ́súrẹ́sú lórí aṣọ iṣẹ́, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bèèrè ẹni tí ìjì bà nílé jẹ́. Alàgbà Olúkúnlé ló ṣáájú wọn, bàbá arúgbó tó ṣe káfíńtà ní Abẹ́òkúta kó tó rìn dé ibí. Rafiat ní kí wọ́n wo híjáàbù orí òun dáadáa o, Mùsùlùmí lòun. Alàgbà bèèrè bóyá ìjì bi í léèrè ẹ̀sìn rẹ̀ kó tó ṣí òrùlé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Alhaja. Ó ní òun ò tíì dé Mẹ́kà. Wọ́n ní yóò dé ibẹ̀.

Wọ́n ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò ṣiṣẹ́. Gbogbo Sátidé. Wọ́n kó àwókù dànù, wọ́n ya àwọn pátákó tó ti rà kúrò lára ògiri, wọ́n kan igi àjà tuntun. Lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ti fi ọjọ́ márùn-ún ṣiṣẹ́ ẹlòmíràn.

Àmọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ lọ nírọ̀lẹ́, Alàgbà á yí ilé ká, á pa gbogbo ibi tí iná ń gbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, kí iná má baà jó ilé onílé. Rafiat á ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ Sọ́ńdè, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rọ ti kú láti àná. Ó ṣàlàyé, Alàgbà bẹ̀bẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún pa á. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó pátákó tuntun dé, àwọn pátákó funfun tí wọ́n fi ń bo ògiri. Ìdílé kan ń dúró dè wọ́n ní ìlú Rush, wọ́n sì fẹ́ tètè parí ti Alhaja. Rafiat ro ó wò. Tí wọ́n bá bo ògiri yìí ní tútù, omi á há sínú, á tún bu, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i àfi ẹ̀dọ̀fóró Mùtàlíbù.

Ó sọ. Ó ní, "Alàgbà, ẹ bá mi fi ògiri yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyọnu kankan kọ́.

Ó ní kò sí ìkánjú. Wọ́n ní iṣẹ́ Olúwa ni. Ó ní wọ́n ti gbìyànjú jù, kí wọ́n lọ sinmi. Goodluck, ọmọ Warri tó máa ń ru igi, mi orí. "Mummy, you too dey humble."

Níbẹ̀ ló ti yé e. Ẹni tó bá gbé nǹkan wá fún ọ, o gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kó má ṣe ìyọnu. Òun náà gbọ́dọ̀ gbé e sílẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe jẹ́ ọmọlúwàbí nìyẹn. Rafiat náà ti gbé ìrẹsì lọ sílé onílé báyìí rí, tí wọ́n ní kó gbé e padà, tó sì rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tó ń sọ, ìwà rere ni wọ́n ń kà á sí. Bó ṣe ń kọ̀ tó ni inú wọn ń dùn sí i tó.

Kó wá là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ẹnu rẹ̀ kọ̀. Bàbá tó ju òun lọ, ẹlẹ́sìn mìíràn, tó ń fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ kan ìṣó nínú ilé òun. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ ọ́? Mọ́pẹ́ ní kò le. "Mam, just tell them no. They'll be grand." Rafiat pòṣé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Dublin.

Inú ààwẹ̀ sì ni Rafiat wà. Òun tí ebi ń pa ló ń se ọbẹ̀ fún wọn, kò sì tọ́ ọ wò. Ojú ń ti àwọn náà láti jẹun níwájú rẹ̀, wọ́n á gbé abọ́ lọ sínú ọkọ̀, wọ́n á máa fi ara pamọ́ jẹ ẹ́. Goodluck ní ọbẹ̀ ò níyọ̀, pé ó dùn bẹ́ẹ̀.

Ìtúnu ààwẹ̀ dé. Rafiat fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ ṣọdún ní Clondalkin. Ta ni yóò máa da omi ẹ̀rọ nù? Ó fún Alàgbà ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí ó ṣáà máa da omi, kó má pa á. Alàgbà ní kò sí wàhálà.

Ìsinmi ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fẹ́ padà, Mùtàlíbù ní òun ń tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín sínú bí ọmọdé. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Rafiat bi í léèrè ẹ̀ẹ̀mejì ohun tó ń rín. Kò jẹ́wọ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tò sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kí wọn kú ọdún. Alàgbà ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, Goodluck gbé fóònù sókè láti ya fídíò. Wọ́n ti bo ògiri. Wọ́n ti kùn ún. Àwọ̀ ewé, láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ pé àwọ̀ Mùsùlùmí ni. Ẹ̀bùn ọdún, Mùtàlíbù nìkan ni wọ́n sì ti sọ fún. Fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, àwọn ọkùnrin yìí ti ibi iṣẹ́ wá síbí.

Ilé dákẹ́. Ẹ̀rọ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n ti ká wáyà rẹ̀ mọ́ ọn lára dáadáa.

Rafiat fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Tútù nini. Mùtàlíbù ń dúpẹ́, ó ń ṣàdúà fún wọn, ó dé àárín àdúà, ikọ́ mú un. Ikọ́ yẹn ò lọ. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó fín oògùn sẹ́nu, ó di ògiri mú.

"Alàgbà," Rafiat ní, "ògiri yìí ò tíì gbẹ. Ẹ ti bo omi mọ́ inú rẹ̀. Ọkọ mi ò lè gbé ibí."

Alàgbà wò ó. "Alhaja, ẹ ò sì sọ fún wa."

"Mo sọ."

"Ìgbà wo?"

"Gbogbo ìgbà."

Alàgbà ronú. "Ṣé èyí tí ẹ ní ká má yọ ara wa lẹ́nu?"

"Òun ni."

"Ah. Ta ló ń gba ìyẹn gbọ́?"

Goodluck fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló tún burú jù. Rafiat bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́. Mùtàlíbù jẹ tirẹ̀ níta, nínú kóòtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí, lẹ́yìn náà ó dágbére, ó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Alàgbà ní Sátidé tó ń bọ̀, Rush ni wọ́n wà, wọ́n ti ṣèlérí. Ó sọ ọ́ láìwo ojú rẹ̀.

"Ẹ fi òòlù kan sílẹ̀ fún mi," Rafiat sọ.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Alhaja, a máa…" Ó dákẹ́. Ó yọ òòlù nínú àpò iṣẹ́, ó fi lé e lọ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Rafiat ti ya pátákó ìsàlẹ̀ kúrò. Kò rọrùn. Wọ́n kàn án dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ògiri ń làágùn. Ó gbé ẹ̀rọ wá, ó tẹ̀ ẹ́. Hùnnn.

Fóònù dún.

"Ó ti gbẹ?"

"Kò tíì gbẹ."

"Àwọ̀ ewé yẹn ò kúkú wù mí." Mùtàlíbù ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. "Ṣé kí n máa bọ̀ ní Sátidé, kí n wá bá ẹ ya ìyókù?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Mùtàlíbù bi í pé, "Ṣé èyí tí ò ń sọ lásán ni, àbí òótọ́?"

"Òótọ́ ni, Bàbá Mọ́pẹ́. Ẹ dúró síbẹ̀."