Òjìjí Inú Bàsíà

Nọ́ọ̀sì fi wáyà lé apá mi ní ọsibítù kan ní Kétu, kí wọ́n lè yẹ iṣan mi wò. Bó ṣe tẹ bọ́tìnnì báyìí, ìka mi ta gìrì láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Yéè! Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi ní Àgbóyì ló ṣàdédé padà wá bá mi.

Òórùn ẹrẹ̀ odò àti ẹja yíyan gba gbogbo àgbàlá. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àpótí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó kàn wà lórí itan wọn gbọnrangandan. Àbúrò bàbá mi, apẹja, gbé bàsíà omi kan wá. Òjìjí dúdú kan, ẹja tí iná wà lára rẹ̀, ń yí nínú rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ fara dà á. Òjìjí máa ń jí ọwọ́ tó bá sùn."

Àbúrò bàbá mi fi ọ̀rá wé ọwọ́ tiwọn kí iná má baà gbé wọn, wọ́n sì ri ọwọ́ ìyá àgbà bọ inú omi. Ẹja yíra padà. Ìka márààrún fò sókè!

"Ọwọ́ Ìyá ti jí o!" Mo pariwo.

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ náà padà sórí itan wọn. "Dìde," ni wọ́n wí fún un. Kò mira. "Mo ní kí o dìde!"

Mo ti wá mọ̀ pé iná ẹja ló gba inú iṣan yẹn kọjá. Iná kékeré tí ọpọlọ Ìyá ń rán kò dé ibẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ náà, Ìyá àgbà kàn ń wo ọwọ́ náà, bí abiyamọ ṣe ń wo ọmọ tó dá àlejò lóhùn, tó wá kọ etí ikún sí òun.