Ẹ̀rọ Tó Kí Àwọn Onílé Abúlé Òkúta

Èmi ni mo kọ́ ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ bí a ṣe ń fi òjé lẹ wáyà. Nígbà tí ipò ọ̀gá ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa, òun ni wọ́n fi sí i. Wọ́n ní èmi máa ń ráhùn jù. Wọn ò purọ́.

Nígbà tí ìjọba alágbádá fi dé, mo ti fẹ̀yìn tì, mo ń ṣe ẹ̀rọ kéékèèké nínú yàrá kan ní Fola Agoro. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ní Abúlé Òkúta ń wá ohun tí yóò máa pa pọ́ǹpù omi fúnra rẹ̀ bí táńkì bá kún. Wọ́n ní kí èmi àti ọkùnrin náà wá fi tiwa hàn. Ẹni tó bá yege ni yóò ṣe ti gbogbo ilé. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ jù ni kí ayé rí i pé mo jù ú lọ.

Ṣíìpù tí kò tó èékánná ni ọpọlọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C ni mo fi ń kọ ètò fún un, kọ̀ǹpáílà ni yóò sì sọ ọ́ di ohun tí ṣíìpù lè gbọ́. Kọ̀ǹpáílà kan wà lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun. Ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀ ni mo ní, kì í sì í gba ètò tó bá gùn.

Mo pàdé ọkùnrin náà ní Fádèyí, mo sì fi kọ̀ǹpáílà òkè òkun mi yangàn.

“Mà, ẹ lo ti ọ̀fẹ́. Òun ni mo ń lò.”

“Sàráà ni? Ṣé o rí àwo lọ́wọ́ mi?”

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣáà má kọ ọ̀rọ̀ jù.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ jù?” Mo sọ ọ́ títí ọkọ̀ méjì fi kọjá.

Gíláàsì kékeré tó ń kọ ọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀rọ mi. Báwo ni yóò ṣe wo àgbà lójú tí kò ní kí i? Mo kí Alága. A kì í kí Alága ká fo Alhaji, igbákejì rẹ̀. Mo kí Akápò, mo kí Ìyá Ẹgbẹ́. Ní ìkíni keje, kọ̀ǹpáílà ní àyè ti tán. Ó sì ku ìlà díẹ̀ tí yóò pa pọ́ǹpù lẹ́yìn àkókò kan, bí bọ́ọ̀lù inú táńkì tó ń ṣọ́ omi bá há. Ta ni kí n yọ? Alhaji? Mi ò kọ ìlà náà mọ́.

Lọ́jọ́ àfihàn, bọ́ọ̀lù há. Omi ya láti orí táńkì, ó ṣàn wọ abẹ́ àga àwọn àgbà, ẹ̀rọ mi sì ń kí wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ẹ kú ìjókòó, Alhaji.

Alhaji ká ṣòkòtò sókè. “Màdáàmù, ẹ bá wa sọ fún un pé a ti dìde.”

Ọkùnrin náà ló sáré lọ pa iná. Iná pupa àti iná àwọ̀ ewé nìkan ló wà lára ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó kàn án, omi kún, ẹ̀rọ rẹ̀ pa pọ́ǹpù. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún un lójú mi, bàtà mi ṣì tutù.

Ó bá mi lẹ́nu géètì. “Mà, àwọn ilé yìí pọ̀ fún èmi nìkan. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.”

Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò tíì dárí ẹ̀ jì í nìyẹn. Mo ní iṣẹ́ kún ọwọ́ mi ní Fola Agoro. Irọ́ ni. Rédíò kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì mi, tèmi sì ni.