Kálàmù Onígi Wọfa

“Mú un wá, ó kù díẹ̀.” Bí Wọfa, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ṣe máa ń wí nìyẹn tó bá ti rí kálàmù onígi tó fún mi. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Kejetia, nílẹ̀ àjèjì tí a ń gbé, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Á ṣa àgékù ìrókò nílé ìlagi, á gbẹ́ ẹ, á lu ihò sí i, á ki tọ́ọ̀bù bírò bọ̀ ọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, Wọfa, ó ti dán!”

“Ojú ẹ ni kò ríran.” Á sì tún mú ọ̀bẹ, á fá a díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tó ń padà sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ ti ń gbéra nígbà tó nawọ́ gba ojú fèrèsé pé kí n mú un wá. Mo sáré mú un fún un.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni wọ́n fi kálàmù náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ti fá a títí tọ́ọ̀bù fi yọjú síta. Mo fọwọ́ pa á lára, mo sì dìde lọ wá ọ̀bẹ.

Ó kù díẹ̀ lápá kan.