Eré Tí Tíṣà Kò Fi Ránṣẹ́

Mo ṣì kéré, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń kọ eré fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má rò pé Èkó ni mo ti rí i o. Ìkọ̀yà níbí ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Tíṣà ni, òun nìkan ló ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú kó tó kó wá sí àdúgbò wa, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè bó ṣe kú.

Eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan wà nígbà náà tó pẹ́ débi pé àwọn ọmọdé inú rẹ̀ dàgbà níṣojú wa. Tíṣà wà lára àwọn tó ń kọ ọ́. Ní Sátidé, bí èmi àti ìyá mi àgbà bá ń ṣa ẹyìn lára ìdì, á gbé àga wá, á ka èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ fún wa kó tó fi rán dẹ́rẹ́bà sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò ṣe rí. Ó kọ ọ̀kan nípa apẹja tó gbé ewúrẹ́ àna rẹ̀ pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní ta ni yóò gbé kámẹ́rà gun orí omi. Ó jù ú sínú àpótí páànù, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Sátidé kan ló ka èyí tí n kò lè gbàgbé. Ìyàwó kékeré inú eré náà, ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn, ń rọbí. Òjò ti wọ́ afárá lọ. Ọkọ rẹ̀ gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó ń tì í lọ nínú ẹrẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀, kò mọ̀ pé ìyàwó kò gbọ́ mọ́. Tíṣà kò wo ìwé mọ́ bó ti ń kà á. Bí mo ti kéré tó, mo mọ̀ pé ìyàwó ara rẹ̀ ló ń sọ. Ó ní bí èyí bá dùn mọ́ wọn, wọn yóò gba òun síṣẹ́ pátápátá.

Ìyá àgbà nawọ́ sí yàrá tí màmá mi dùbúlẹ̀ sí. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, a ti ń múra àtigbé e lọ sí ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì wa.

"Tíṣà, ọma mi, aboyún wà n'úlí."

"Ẹ̀yin ìyá, eré lásán ni."

"Èmi náà gbọ́."

Tíṣà dìde. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpótí. Ìtàn adìẹ kan tó sọnù ló fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì dùn rárá. Màmá mi bí ọkùnrin láyọ̀. Kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, eré náà kò kúrò nínú àpótí mọ́: ìgbà wo ni aboyún kò sí ládùúgbò? Nígbà tí mo gbọ́njú, inú bí mi sí ìyá àgbà gan-an. Mo ní ó gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni rere.

Tíṣà ti kú báyìí. Àbúrò mi, ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ náà, ló fi àpótí sílẹ̀ fún, òun ló sì gbé e wá fún mi. Mo rí eré náà. Bírò pupa ló fi kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: "Kó dúró ná. Aboyún wà nílé."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí ẹ kọ láàárọ̀, gbogbo ayé á ti wò ó nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń fi fóònù ṣe eré, ka ìwé náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì sunkún. Ó ní kí n fún òun, òun á ṣe é kíá, òun á kọ orúkọ Tíṣà gàdàgbà sí i. Inú mi dùn, nítorí ó tọ́ sí Tíṣà. Mo ti na ìwé náà sí i nígbà tó fọwọ́ ti ìbàdí dìde, tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Mo dá ìwé padà sínú àpótí.

"Ẹ̀yin ìyá àgbà, eré lásán mà ni."

"Èmi náà gbọ́," ni mo wí, mo sì jókòó lé àpótí náà.